Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí À Ń Pè Ní Wọ́n

Nínú kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò jìnnà sí Anloga Junction ní Kumasi la ti yan ìgbìmọ̀ àdúgbò wa. Àwọn sójà ti gbàjọba ní Accra, rédíò sì ti kéde pé àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá, ó ti di ti mẹ̀kúnnù. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọjà, kí ẹnikẹ́ni má baà kó o pamọ́ títí tí yóò fi di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn ará Kumasi ní orúkọ kan fún irú ìwà bẹ́ẹ̀: kàlàbúlè. Káfíńtà kan ni a fi ṣe alága. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí pé mo lọ yunifásítì, mo sì ń ṣe iṣẹ́ tíṣà.

Ọmọ Ashanti ni alága náà, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Ó fi pẹ́ńsù há etí bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́, ó dìde, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ lédè Twi.

"Láti òní lọ, kò sí Alájì, kò sí Nana, kò sí Ọ̀gá. Kọ́mrédì ni gbogbo wa. 'Ìwọ' ni màá máa pe olúkúlùkù, 'ìwọ' ni kí olúkúlùkù máa pe èmi náà." Ó wá kọjú sí mi. "Akọ̀wé, báwo ni ẹ̀yin Alátà ṣe máa ń sọ ọ́?" Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

"Ó dọ́wọ́ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀," mo dá a lóhùn. "Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, mo lè pè é ní ìwọ. Bó bá jù mí lọ, ẹ̀yin ni."

"Kí ni ẹ̀yin?"

"Òun náà la fi ń pe èèyàn púpọ̀."

"Bí àgbàlagbà yẹn ò bá sí ní tòsí ńkọ́, tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"À á ní 'wọ́n'."

Ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Twi pẹ̀lú. Ó jọ tiwa débi pé bí ènìyàn ò bá fetí sílẹ̀ dáadáa, kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Ashanti, àwọn púpọ̀ nìkan ló ń tọ́ka sí.

"Àgbàlagbà kan ṣoṣo lẹ wá ń pè bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣé ó lóyún ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkígbà tí onílé mi bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù alága kọjá, alága á kàn mí níhà, á ní, "Akọ̀wé, wọ́n ń bọ̀. Bá mi kà wọ́n."

Ìdùnnú ló mú mi wọ ìgbìmọ̀ náà, n kò ní parọ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kò tíì pẹ́ tí Ghana gba òmìnira, ọ̀rọ̀ àjùmọ̀ní ló wà lẹ́nu gbogbo wa. Àjùmọ̀ní ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá díẹ̀ tó wà níbẹ̀ túmọ̀ 'socialism' sí. Àwọn olùkọ́ wa ní kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe gbé ayé, wọ́n jọ ń ro oko, wọ́n jọ ń jẹ, ẹnikẹ́ni kò lówó débi tí aládùúgbò rẹ̀ yóò fi sùn pẹ̀lú ebi. Mo gbà á gbọ́. Mo délé ní ìsinmi, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún baba mi. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, wọ́n wá bi mí pé nínú àjùmọ̀ní yìí, ta ni yóò máa fọ ṣáláńgá. Inú bí mi. Mo rò pé wọn kò lóye ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni èyí tí mò ń sọ yìí, baba mi sì ti kú. Yàrá méjì ni mo háyà ní agbo ilé àgbàlagbà kan, ọmọ Ìlọrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alájì, tí èmi ń pè ní Bàbá. Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù ní Adum láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ta súgà, ọṣẹ, mílíìkì àti sàdíìnì. Wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba kan lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, Bàbá àti ìyàwó wọn fi gbogbo ọjà sílẹ̀, wọ́n gun lọ́rì lọ sílé. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹlòmíràn ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń ta àṣẹ́kù ọjà wọn. Láti ìgbà yẹn, Bàbá kì í jẹ́ kí ọjà wọn sùn sójú kan.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí ìyàn mú, tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí iná ń jó oko kòkó, ìyàwó mi bí àkọ́bí wa. Oúnjẹ kò tó, nítorí náà omi ọyàn rẹ̀ kò tó. Ọmọ náà á sunkún títí ohùn rẹ̀ á fi há. Mo tò sórí ìlà fún mílíìkì níwájú ilé ìtajà ìjọba láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n sì sọ fún wa pé ó ti tán, kí a tó rí ẹnì kan kó agolo kan jáde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti kírun tán, Ìyá, ìyàwó Bàbá, kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú agolo mílíìkì kan jáde.

"Tíṣà mi, gbà. Má wulẹ̀ bi mí ní nǹkan kan."

N kò bi wọ́n. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wá. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ fún oṣù mélòó kan. Mo máa ń fi èyí tí ọmọ kò tíì mu pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìwé mi lórí pẹpẹ, àwọn ìwé tí mo kó ti yunifásítì bọ̀, tí ọ̀rọ̀ àjùmọ̀ní kún inú wọn. Ọwọ́ kan náà tí mo fi ń ṣí agolo yẹn ni mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wa, pé ẹnikẹ́ni tó bá kó oúnjẹ pamọ́, ọ̀tá mẹ̀kúnnù ni.

Ọjọ́rú kan ni ó ṣẹlẹ̀. Mo wà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí ọmọ ìgbìmọ̀ wa kan wá pè mí, ó ní kí n máa bọ̀ kíá, iṣẹ́ ògbufọ̀ wà. Ó ní àwọn sójà ti tú ilé Alájì. Páálí mílíìkì mẹ́rin ni wọ́n bá lábẹ́ ibùsùn Ìyá.

A rìn bí ẹni ń sáré. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n na obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ, ní gbangba ọjà, nítorí páálí kan. Obìnrin yẹn kò tíì tó ogójì ọdún, síbẹ̀ ẹ̀yìn la fi gbé e lọ sílé. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ikọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Ìyá náà ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí yẹn. Ẹni yòówù kí ẹgba náà bà lára nínú àwọn méjèèjì, kò ní dìde mọ́.

Nínú kíláàsì tí a ti yan ìgbìmọ̀ wa ni ìgbẹ́jọ́ náà wà. Àwọn páálí mẹ́rin wà lórí tábìlì, ẹgba sì wà lórí páálí. Sójà tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ashanti, ilà méjì wà lápá aṣọ rẹ̀, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Alága jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá wà létí fèrèsé, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyá dúró láàárín yàrá.

Mo jókòó sí àyè akọ̀wé, mo ṣí ìwé.

"Ní kó sọ tẹnu rẹ̀," sójà náà sọ fún mi lédè Twi. "Ó ní òun ò gbọ́ Twi."

Mo wo Ìyá. Twi ni Ìyá fi ń ná ọjà kí wọ́n tó bí sójà yìí. Alága fúnra rẹ̀ ti ra súgà lọ́wọ́ wọn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń bú ara wọn ṣeré nídìí iye owó. Ó wo Ìyá, ó wò mí, ó yọ pẹ́ńsù létí, ó tún fi há a padà.

Wọ́n gbé Kùránì wá. Ìyá ní àwọn ò lè fọwọ́ kàn án láìṣe àlùwàlá. Sójà náà mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ bu omi. Ìyá ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀sọ̀pẹ̀lẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Wọ́n búra. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé Ìyá kò ní parọ́.

"Ta ló gbé mílíìkì yìí sábẹ́ ibùsùn rẹ̀?" sójà náà béèrè.

"Ìyá," mo ní, "wọ́n ní ta ló gbé mílíìkì yìí sábẹ́ ibùsùn yín."

Ìyá gbé ojú sókè. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró.

"Wọ́n kó o wọlé. Wọ́n ní kí n tì í sábẹ́ ibùsùn. N kò bi wọ́n ní ìdí rẹ̀."

Kí n tó la ẹnu, sójà náà ti gbá tábìlì.

"Wọn," ó ní. "Mo gbọ́ ìyẹn. Wọn ló sọ. Ọ̀rọ̀ tiwa ni. Àwọn púpọ̀ ló kó o síbẹ̀."

Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pé ó gbọ́ èdè tí kò gbọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àsìkò kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún wo Ìyá, ó sì wá yé mi ìdí tí wọ́n fi ní àwọn kò gbọ́ Twi. Wọ́n ti búra, wọ́n sì ti sọ òótọ́. Nínú èdè wa, ọkọ wọn ni wọ́n dárúkọ. Nínú èdè àwọn tó ń gbẹ́jọ́, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé mi pé n kò ní tú àṣírí náà.

Mo tẹ orí ba. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ènìyàn kan ló kó o wá.

Alága ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ó dà bí ẹni pé ewu ti kọjá. Kò sẹ́ni tó lè na ẹni tí a kò dárúkọ rẹ̀. Bàbá ń yí tẹ̀súbáà wọn létí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni sójà yìí dìde, ó ń rìn síwá-sẹ́yìn.

"Wọn yìí, mo mọ̀ wọ́n," ó ní. "Gbogbo ẹ̀yin Alátà tó ń tajà ní Adum, mọ́ṣáláṣí kan lẹ jọ ń lọ. Ẹ jọ kó ọjà jọ ni. Mo máa ránṣẹ́ sí bárékè kí wọ́n gbé lọ́rì wá. Ṣọ́ọ̀bù kan kò ní ṣẹ́kù, ilé kan kò ní ṣẹ́kù. Láti agbo ilé obìnrin yìí la ti máa bẹ̀rẹ̀, yàrá sí yàrá."

Àwọn Yorùbá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. Mo rí ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wọn ló rántí lọ́rì ìjọ́sí, àti ọjà tí wọ́n fi sílẹ̀.

Mo ti sọ fún ara mi láti ọdún yẹn wá pé nítorí wọn ni mo ṣe sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pẹpẹ ìwé mi, àti agolo méjì tó wà lẹ́yìn àwọn ìwé náà, àti ìyàwó mi tó jókòó sí yàrá yẹn pẹ̀lú ọmọ.

"Kọ́mrédì," mo ní, "àṣìṣe wà níbẹ̀."

Ó dúró.

"Wọ́n tí Ìyá ń sọ yẹn, kì í ṣe ti Twi. Nínú èdè wa, ẹnì kan náà la lè pè bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ àgbà. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Ẹnì kan ló ń sọ."

"Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan lo kọ síbí." Ó ti fa ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Ìwọ akọ̀wé, ìwọ tó lọ yunifásítì, kí ló dé tí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo gbọ́ tí Ìyá mí. Wọn kò wo ìhà ọ̀dọ̀ mi.

"Ó fẹ́ gba àwọn yòókù sílẹ̀," sójà náà ní. "Ìdí nìyẹn. Àwọn púpọ̀ ni."

"Rárá," alága sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó gbé e sórí tábìlì. "Òótọ́ ló sọ báyìí. Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, níbí yìí gan-an, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí arúgbó kan bá wọlé, wọ́n á ní èèyàn púpọ̀ wọlé. Arúgbó kan ni obìnrin yìí ń sọ."

"Arúgbó wo?"

Ojú gbogbo èèyàn ti yí sí fèrèsé. Bàbá fi tẹ̀súbáà sápò, wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kékeré náà. Twi ni wọ́n fi sọ ọ́, Twi tó dán ju tèmi lọ.

"Èmi ni wọ́n."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó tètè gbé e mì.

Sójà náà mú ẹgba. Alága náà dìde. Ó ní, "Kọ́mrédì, wo àyà rẹ̀. Bó bá kú sí wa lọ́rùn, kí la fẹ́ sọ fún mẹ̀kúnnù? Jẹ́ kó jókòó sí gbangba, kí àwọn èèyàn rí i, ká ta mílíìkì náà ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí." Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí tí aago ilé ẹ̀kọ́ fi lù. Ìgbà mẹ́ta ni sójà náà gbé ẹgba sílẹ̀, tó tún mú un. Níkẹyìn, ó gbà.

Wọ́n mú Bàbá lọ sí Anloga Junction, síbi tí àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti àga máa ń pàtẹ sí. Wọ́n ní kí Bàbá ṣí fìlà, kí wọ́n jókòó sórí páálí òfìfo nínú oòrùn. Èmi akọ̀wé ni mo ń tò àwọn èèyàn sórí ìlà. Ìlà náà gùn dé ọ̀nà. Mo rí ìyàwó mi nínú rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tó kàn án, ó gba agolo kan, ó san owó, kò wo Bàbá, kò sì wo èmi náà. Bàbá kò tẹ orí ba. Orí wọn tí n kò rí láìsí fìlà rí funfun báláú, ó sì kéré ju bí mo ṣe rò lọ.

Lọ́rì kò wá láti bárékè. Wọn kò tú yàrá mi.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí mo ti kó lọ sí àdúgbò Santasi, tí ìjọba náà sì ti pa ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù tì, mo pàdé télọ̀ tó gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ mi nígbà yẹn. A rántí ọdún ìyàn. Ó ní òun kò lè gbàgbé Ìyá láéláé, nítorí mílíìkì tí wọ́n máa ń mú wá fún òun ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo ní, "Ìwọ náà?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ń dápàárá. Ó ní, "Gbogbo yàrá ni, Tíṣà. O ò mọ̀?" N kò mọ̀. Mo ń wá àjùmọ̀ní kiri nínú ìwé, ó sì ń gba iwájú ilẹ̀kùn mi kọjá nínú ìró ìyá arúgbó. Ìgbà yẹn ló yé mi pé sójà yẹn kò ṣì í gbọ́. A pọ̀ lóòótọ́. Èmi náà wà nínú wọn.

Bàbá kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí títí tí ikọ́ fi pa wọ́n.

Ti Ìyá ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé inú ilé yẹn, ìwọ ni Ìyá ń pè mí, bí ìyá tó bí mi lọ́mọ. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ náà, n kò retí ẹnikẹ́ni. Mo jókòó, mò ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ìyá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ògì gbígbóná, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Ẹ kú ilé o, akọ̀wé," wọ́n ní. "Ẹ gbà fún ọmọ yín."

Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó dúró sí ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ìyá," mo ní, "èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Mo rí yín."